Ẹ Fún Ara Láyè: Sùúrù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanrajù

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní Àgọ́-Àmọ̀dù

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ọlọ́run tó kó wa jọ kò ní tú wa ká.

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera. Ọ̀pọ̀ yín ti ń retí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tí a máa ń gbọ́ lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, a fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, yáàdì mẹ́rin tó ọ̀pọ̀ nínú wa láti rán bùbá àti ṣòkòtò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò wa bí aṣọ ẹgbẹ́ tọdún yìí ṣe rí. Àwọn kan gba yáàdì mẹ́fà, télọ̀ tún ní kí wọ́n lọ fi kún un. A ti kọjá ogójì ọdún, a ń jókòó ṣiṣẹ́, a ń jẹun ní gbogbo òde. Ọ̀rọ̀ ìsanrajù ti wọ inú ilé wa.

Ọ̀kan nínú wa lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tó ń dín àpòlúkù kù ní ọdún tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, ó kàn ní kí a má dárúkọ òun. Torí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe máa wo ikùn ara yín kiri nínú gbọ̀ngàn yìí. Kí ó tó dé ibẹ̀, kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó rìn títí, ó gba ààwẹ̀ tí kì í ṣe ti oṣù ààwẹ̀, ó mu tíì kíkorò oríṣiríṣi. Kílò 146 ni ó wọ̀n. Àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, eékún ń dùn ún, ìyàwó rẹ̀ kò sì lè sùn nítorí èémí ọkọ rẹ̀ máa ń dúró lójú oorun, kí ó tó tún hanrun padà. Àwọn dókítà ló jókòó tì í, wọ́n sì sọ pé iṣẹ́ abẹ ló kù.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó Ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, kú ní Marbella ní orílẹ̀-èdè Spéènì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń mú ọ̀rá ikùn kúrò. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ nítorí ìsanra, orúkọ ìyá yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ dá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ ọ̀rá yàtọ̀. Nítorí ìrísí ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fa ọ̀rá abẹ́ awọ, tàbí kí wọ́n gé awọ ikùn tó ti rọ̀. Kò kan àpòlúkù.

Èyí tí ọ̀rẹ́ wa ṣe kò fọwọ́ kan ọ̀rá rárá. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, wọ́n á gé ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù dànù, èyí tó kù á wá rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nínú èkejì, wọ́n á ṣe àpò kékeré kan bí ẹyin adìẹ sí òkè àpòlúkù, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun ní ìsàlẹ̀, kí oúnjẹ lè fo apá kan kọjá. Èkejì yìí kì í ṣe nǹkan àná. Dókítà Edward Mason ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Iowa, ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1966. Nínú méjèèjì, ẹni náà kò ní lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́, ebi náà á sì dín kù, nítorí pé òkè àpòlúkù ni ara ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ nìyí: gbogbo ọ̀rá tí ọ̀rẹ́ wa gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ náà ló gbé jáde. Kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn. Láti 146, ó já sí 134. Ó ń fi fọ́tò ìwọ̀n ránṣẹ́ sí àwa mélòó kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìwọ̀n dúró. Ọjọ́ Ajé, 134. Ọjọ́rú, 134. Ọjọ́ Sátidé, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó ní wọ́n ti gba owó òun gbé, pé bóyá wọn kò gé nǹkan kan.

Wọ́n gé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ, bí owó tí ìyá ọlọ́jà ń so mọ́ etí ìró. Gíráàmù kọ̀ọ̀kan nínú ṣúgà yìí ń mú nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Nígbà tí oúnjẹ bá dín kù lójijì, owó etí ìró yìí ni ara kọ́kọ́ ń ná. Ṣúgà lọ, omi tẹ̀ lé e, ìwọ̀n já wálẹ̀ kíá, a rò pé ọ̀rá nìkan ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara á tún ètò ṣe, á dá díẹ̀ nínú omi náà padà ní àkókò kan náà tí ọ̀rá gan-an ń yọ́ lọ. Omi ń wọlé, ọ̀rá ń jáde, ìwọ̀n dúró. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ báńkì mọ irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ dáadáa. Owó wọlé, owó jáde, iye tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé kò yí padà. Ẹni tí kò bá wo inú ìwé á ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbogbo oṣù.

Èyí tó tún wà lẹ́yìn rẹ̀ nìyí. Ara kò mọ̀ pé dókítà ló gé àpòlúkù. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ìyàn dé. Àwọn baba ńlá wa tó la ìyàn já ni ara tó mọ ìpamọ́ ṣe, irú ara bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì bí wa pẹ̀lú rẹ̀. Bí oúnjẹ bá dín, ara á dín ìnáwó kù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkọ̀ tí kò ru ẹrù kì í mu dísù bí èyí tó ru àpò ẹ̀lùbọ́ láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ti fúyẹ́ ń ná agbára díẹ̀ ju bó ṣe ń ná an tẹ́lẹ̀, torí náà bí oṣù ṣe ń gorí oṣù ni kílò tó ń kúrò á máa kéré sí i. Ó lè dúró lẹ́ẹ̀kan, ó lè dúró lẹ́ẹ̀marùn-ún. Oṣù méjìlá sí méjìdínlógún, nígbà mìíràn ọdún méjì, ni ìwọ̀n fi ń rìn kí ó tó dé ibi tó máa jókòó sí.

Ọ̀rẹ́ wa kò tíì mọ èyí nígbà náà. Ó fẹ́ fi tipátipá mú un. Ó dín oúnjẹ kù títí ó fi ku ife ògì kan lóòjọ́. Ó dá oògùn fítámì dúró, ó ní ó ń mú òun sanra. Ẹnìkan tó fẹ́ràn rẹ̀ sì gbé àgbo tí ń ṣu ni wá, pé á fọ inú rẹ̀ mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pe akọ̀wé wa. Ó ní ó ti ń bì láti ọjọ́ mélòó kan, kò lè gbé omi mì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ta á bí ẹni tó tẹ iná. Àwa mẹ́ta la gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.

Dókítà tó gbà á wọlé kò bínú, ó kàn béèrè ìbéèrè kan: ìgbà wo ló jẹ ẹyin tàbí ẹja kẹ́yìn? Kò rántí. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì gún un ní fítámì B1. Èyí tí ara máa ń tọ́jú nínú fítámì yìí kò lè gbé ènìyàn ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, tí ó wá ń bì tí kò sì jẹun, lè sọ ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, tàbí kí ó kan ọpọlọ. Bí ènìyàn bá sì febi pa ara rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Ara á máa jẹ iṣan, iṣan yìí kan náà ló sì ń bá wa yọ́ ọ̀rá. Ẹni tó ń kánjú ń ta màlúù tó fi ń túlẹ̀.

A kọ nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́nu dókítà náà, ẹ jẹ́ ká sọ díẹ̀ níbẹ̀ nítorí àwọn ará ilé wa tí wọ́n tún lè ṣe é. Amúaradàgbà ló ń ṣáájú nínú abọ́: ẹyin, ẹja, adìẹ, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà, kí òkèlè tó kàn, bí àyè bá ṣì wà. Gíráàmù 60 sí 80 lóòjọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn àgbà ní onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ní Òkè-Ògùn tiwa, ìyá Fúlàní á gbé wàrà màlúù wá sí ẹnu ọ̀nà, wàrà yẹn gan-an sì dára fún ẹni tó ń ṣe ìtọ́jú yìí. Kí ó jẹ òkèlè kékeré, kí ó jẹ ẹ́ kúnná. Kí ó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kí ó dúró bí ààbọ̀ wákàtí. Ohun dídùn olómi bíi mínírà àti ògì tó kún fún ṣúgà máa ń yọ̀ kọjá láìsọ pé ó kọjá, ó sì máa ń mú òòyì àti àárẹ̀ dání fún ẹni tí wọ́n so ìfun rẹ̀. Fítámì kì í ṣe ti oṣù mẹ́fà, ti gbogbo ayé ni. Irun lè já láàrin oṣù kẹta sí ìkẹfà. Yóò hù padà bí oúnjẹ bá pé. Obìnrin tó bá ṣe é kí ó dúró tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ kí ó tó lóyún.

Èyí kan gbogbo wa tí a ní alábùkún nínú báàgì. Ásípírìn wà nínú alábùkún. Ásípírìn àti àwọn oògùn ìrora bíi ibuprofen lè dá egbò sí ojú ibi tí wọ́n ti so àpò kékeré yẹn mọ́ ìfun. Bí orí bá fọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó bi dókítà rẹ̀, ẹ má ṣe nawọ́ alábùkún sí i. Ọtí náà ń tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó máa ń mu ìgò mẹ́ta tí kò yọ ọ́ lẹ́nu, ọ̀kan lè gbé e ṣubú.

Mélòó ni ó wá yẹ kí ó dín? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà, torí ìrètí tí kò bá òtítọ́ mu ni ó ń pa sùúrù. Ní orílẹ̀-èdè Súwídìn, láti ọdún 1987, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn ènìyàn tó lé ní 4,000 lẹ́yìn. 2,010 nínú wọn ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn yòókù gba ìtọ́jú lásán. Àwọn tí wọ́n so ìfun wọn dín ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn láàrin ọdún kan sí méjì. Lẹ́yìn náà díẹ̀ padà. Ní ọdún kẹwàá, ìdá 25 ló dúró. Àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó wọ̀n kílò 140, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ kílò 35. Yóò ku 105. Lójú àwọn ará Àgọ́-Àmọ̀dù, ẹni tó wọ̀n 105 ṣì sanra dáadáa! Wọn á ní kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan náà, ikú láàrin àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sí ti àwọn yòókù. Wọn kò di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wà láàyè.

Àwọn tí ojú gbogbo ayé wà lára wọn náà ti rìn ín. Diego Maradona, tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi orúkọ rẹ̀ pe ara wa lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́, ṣe é ní Cartagena ní Kòlóḿbíà ní ọdún 2005. Ó fọn gan-an. Ìwọ̀n tún padà lẹ́yìn náà, ó sì padà sábẹ́ ọ̀bẹ ní Fẹnẹsúẹ́là ní ọdún 2015. Nílé wa níbí, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Real Warri Pikin jáde sọ fún gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ abẹ ni òun ṣe, kò ní eré ìdárayá nìkan ni. Ó wù wá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é níkọ̀kọ̀, tí wọ́n á ní omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni, tí àwọn ẹlòmíràn á wá máa fi omi gbígbóná pa ara wọn.

Ẹ̀yin ará wa, ẹnu ìlú wúwo ju ìwọ̀n lọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa wá sílé ní ọdún Iléyá, ní ìdajì wákàtí kan náà, ẹnìkan bi í pé ṣé ó dáa, pé ó ti gbẹ, pé kí wọ́n má lọ tọ́jú rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, ẹlòmíràn sì ní, "Ṣé bí o ṣe rí náà nìyí lẹ́yìn gbogbo owó yẹn?" Ọ̀kan ní ó rù jù, èkejì ní kò rù tó. Ìyá àgbà kan, tí ìfẹ́ ló ń ṣe é, gbé iyán kalẹ̀, ó ní kò ní dìde àfi tó bá tán an. Èwo ni ó fẹ́ dáhùn? Ó sọ fún wa pé òun kò ní wá síbi ayẹyẹ yìí. Kì í ṣe oúnjẹ ló bà á lẹ́rù. Fọ́tò aṣọ ẹgbẹ́ ni, àti àwọn ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé fọ́tò náà.

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí. Kílò 113 ni ó wọ̀n. Ìwọ̀n ti dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ọ̀nà, ó sì tún ti dúró láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó lè tún lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí. Ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó ń gùn nísinsin yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà, kí ó tó jẹun. Fún ìyókù ọ̀sẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e pamọ́, a kò sì mọ ibi tó ń gbé e sí. Dókítà ti dá ọ̀kan nínú oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ dúró. Èémí rẹ̀ kì í dúró lóru mọ́. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti wọlé ní ihò márùn-ún, ó fi ìṣó lu méjì nínú wọn fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó ń jókòó lórí àga kírun ní mọ́ṣáláṣí. Báyìí ó ń fi iwájú orí kanlẹ̀. Níbi ìdána àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna pẹ̀lú àwọn ọmọ ogún ọdún, ó sì dìde láìsí ẹni tó fà á. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tí ìwọ̀n kọ sílẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹgbẹ́ fẹnu kò lórí nǹkan mélòó kan, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Lórí tábìlì ẹgbẹ́ lónìí, mọ́ínmọ́ín, ẹja àti ẹyin ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kí ó má baà jẹ́ pé abọ́ ẹnìkan ló yàtọ̀. Àmàlà àti ẹran á tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó tó, ó tó. Ẹ má ṣe rọ̀ ọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó fọn tàbí ẹni tó sanra nínú wa, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ènìyàn: ẹ bi í nípa iṣẹ́, nípa ọmọ, nípa ìyá rẹ̀ tó wà nílé. Ẹgbẹ́ yóò sì máa san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, kí a lè mọ̀ bóyá fítámì àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé.

Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. Ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, yáàdì mẹ́rin ààbọ̀ ni.

Bí a bá jáde nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn nọ́ọ̀sì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lápá ọ̀tún. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí di aago méjì. A ní kí wọ́n má gbé ìwọ̀n wá.